Ìwé Ọba Lọ́wọ́ Afusat

Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún mi, ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ wa tó ń tọ́jú àgbàlagbà, ní Yarnton Way, nílùú Òyìnbó níbí. Lẹ́tà tó wọlé sórí fóònù mi kò gùn. Wọ́n ní ẹ̀sùn wà lọ́rùn mi pé mo mú ohun ìní ẹni tí mò ń tọ́jú, pé kí n mú ohun náà dání wá, pé mo sì lè mú ẹnì kan wá bá mi jókòó. Ta ni mo fẹ́ mú? Anisah ọmọ mi ń múra ìdánwò, n kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Iṣẹ́ yìí ló gbé físà àwa méjèèjì ró. Bí wọ́n bá lé mi, ọgọ́ta ọjọ́ péré ni màá ní láti rí ibòmíràn tó máa gbà mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká palẹ̀ ẹrù wa mọ́ ká padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ló sì fẹ́ gba ẹni tí wọ́n lé nítorí olè jíjà?

Olè. Èmi Afusat, tí n kì í mu tíì nílé ẹnikẹ́ni àfi tí mo bá gbé tèmi wá.

Ìwé kan ni wọ́n ní mo jí. Ìwé aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, tí Bàbá Ìbítóyè fi ọwọ́ ara wọn kọ kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Bàbá, àwọn nìkan ló ń gbé inú fúláàtì wọn ní Connaught Estate. Ọdún méjì ni mo fi ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Màá wẹ̀ wọ́n, màá fún wọn lóògùn, màá se ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá ní àwọn ò jẹ búrẹ́dì mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ Òyìnbó ní èdè Gíríìkì, ohun tó ya èmi lẹ́nu jù lọ nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ọmọ Èkìtì, Gíríìkì! Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n jókòó ti ìwé ọba kan, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é.

Kọnsitantínì ni ọba náà ń jẹ́. Kọnsitantinópù ló ti jọba, olú-ìlú àwọn ará Róòmù ti ìlà-oòrùn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nínú yàrá elésè-àlùkò tí àwọn olorì ti ń bímọ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi wá fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún un ṣaya, ó sì gun orí ìtẹ́ mọ́ ọn lórí. Ó lé ní ogún ọdún tí àna rẹ̀ fi ń pàṣẹ, tí òun tó ni ilé jókòó sẹ́yìn bí àlejò. Ìwé ló ń kà, ìwé ló ń kọ. Ó ti súnmọ́ ẹni ogójì ọdún kí àṣẹ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló kọ ìwé kan fún ọmọ rẹ̀ tó máa jọba lẹ́yìn rẹ̀, nípa àwọn ẹ̀yà tó yí wọn ká: èyí tó ṣeé bá ṣọ̀rẹ́, èyí tó yẹ kó bẹ̀rù, àti ohun tí yóò dá wọn lóhùn bí wọ́n bá tọrọ ohun tí kò ṣeé fún wọn.

Ibi ìtọrọ yìí ni Bàbá fẹ́ràn jù. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn létí. Bí àjèjì bá ní kí ọba fún òun ní adé, ọba ní kí ọmọ òun sọ pé áńgẹ́lì ló gbé e wá fún ọba àkọ́kọ́, pé ègún wà lórí ẹni tó bá fi tọrẹ. Bí wọ́n bá tọrọ iná tó ń jó lórí omi, èyí tí wọ́n fi ń sun ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá, áńgẹ́lì kan náà, ègún kan náà. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé wọn.

"Afusat, ọba yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé rárá láìjà. Ìwọ ńkọ́? Ọ́fíìsì pè ẹ́ lọ́jọ́ off ẹ, o ní yes. Wọ́n pè ẹ́ lọ́jọ́ Iléyá, o ní yes. Wá áńgẹ́lì tìẹ, jàre."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ti parí rẹ̀. Wọ́n na ìwé náà sí mi.

"Gbà. Ìwọ ni mo fún."

Mo ní, "Daddy, wọn ò gbà wá láyè o. Biscuit pàápàá, a ò gbọ́dọ̀ gbà."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ̀ fún? Ó dáa, pe áńgẹ́lì ẹ."

Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n níbi tí wọ́n nà án sí. N kò rí áńgẹ́lì kankan pè. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbàlagbà kì í na nǹkan síni kéèyàn máa wo ojú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Ọjọ́ kejì lẹ́yìn èyí ni rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Apá ọ̀tún kú, ẹnu sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Asher, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló wá kó aṣọ wọn lọ sí ọsibítù. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ó pè mí lórí fóònù, ó fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ ní, "Auntie, ṣé o rí ìwé búlúù Daddy?" Mo sọ òtítọ́ fún un: Daddy fún mi. Ó wá fi Òyìnbó sọ pé kí n gbé e wá lọ́la.

Níbí ni mo ti ṣàṣìṣe, n kò ní fi pamọ́. Mo ní rárá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ rárá sọ, ibi tó máa dá wàhálà sílẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ohun tí àgbà fi lé ọ lọ́wọ́, o kì í gbé e fún ẹlòmíràn nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè lórí bẹ́ẹ̀dì; ogún rẹ̀ lò ń pín yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí ara Daddy yá, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Asher ò mọ ohun tí mò ń wí. Ó ní ọdún mẹ́fà ni bàbá òun ti ń sọ pé tòun ni ìwé náà, pé mò ń ja ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lólè. Kò tíì tó wákàtí kan tó fi pe ọ́fíìsì.

Inú bí mi gan-an. Lọ́dún méjì yẹn, kí ló wá ṣe níbẹ̀? Á wá lọ́jọ́ Sunday, á ní, "Daddy, o ti jẹun?" bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, á tẹ fóònù, á lọ. Kò béèrè ohun tó wà nínú ìwé náà rí. Àmọ́ ẹ̀bi tirẹ̀ nìkan kọ́. Bàbá ló sọ fún mi pé nígbà tó wà ní kékeré, tíṣà rẹ̀ ní kí wọ́n má sọ Yorùbá sí i nílé mọ́, pé yóò da èdè Òyìnbó rẹ̀ rú. Wọ́n gbà. Tíṣà làwọn náà, wọ́n gba tíṣà gbọ́. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, wọn kì í rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ tí nǹkan ṣe Bàbá, n kò lè ṣí ìwé náà. Orí wọ́dúróòbù ló wà nílé wa ní Glyndon, mo fi gèlè wé e. Inú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ẹjọ́ ni mo ti tú gèlè. Mo wo ẹ̀yìn pátápátá, mo rí ojú ìwé kan tí n kò kà sí wọn létí rí. Wọ́n kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an sókè rẹ̀:

"Èmi Ìbítóyè ni mo kọ èyí. Mo fi ìwé yìí lé Afusat lọ́wọ́ lónìí. Ọba kọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, èmi náà túmọ̀ rẹ̀ fún Asher. Bí Asher bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, kí Afusat gbé e fún un. Ṣùgbọ́n Asher kò ní béèrè. Mo mọ ọmọ mi. Kí ó di ti Afusat nígbà náà, òun ló fetí sí i."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rí mi rèé! Kí n má purọ́, inú mi dùn, inú mi sì dùn sí ibi burúkú tó wà níbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi, Asher, wàá gbọ́ ohun tí bàbá ẹ sọ nípa ẹ lónìí. Wàá gbọ́ ọ lẹ́nu olè.

Moráyọ̀ ni máníjà wa. Èkó ló dàgbà sí, "Mummy Anisah" ló sì máa ń pè mí. Lọ́jọ́ náà ó pe orúkọ mi pọ̀ mọ́ ti bàbá mi bí ẹni ń pe ẹlẹ́wọ̀n. Asher jókòó sọ́wọ́ kejì tábìlì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Bí mo ṣe gbé ìwé náà kalẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì wọ́ ọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, kò dúró lójú ìwé kankan. Kò lè ka ìlà kan níbẹ̀.

Moráyọ̀ ní, "Ẹ ní wọ́n fún yín. Ṣé ẹ ní proof? Torí bí ò bá sí, mo máa report ẹ̀ ni. Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i."

"Ó wà lẹ́yìn ìwé," mo ní.

Asher tì í sí mi, ó ní kí n kà á. Ni mo bá rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kà á sókè, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Òyìnbó bí mo ṣe ń lọ. Mo kà pé Bàbá fi lé mi lọ́wọ́. Mo kà pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún Asher, pé bí Asher bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, kí n gbé e fún un. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ní, "Ó parí." Mo fò ó. Mo pe áńgẹ́lì níkẹyìn.

Moráyọ̀ gba ìwé náà, ó wò ó. Mo rí i tí ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ojú ìwé, tó sì dúró síbẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Rárá," Asher wí.

Ó fi ìka tẹ ojú ìwé náà, ó ń sọ Òyìnbó. "Mi ò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wà níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì lo pè é."

Moráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Asher, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀, pé bàbá òun lè má sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, pé ohun tó kù tí wọ́n bá òun sọ rèé.

Mo kà á. Asher kò ní béèrè. Mo mọ ọmọ mi. Ìdùnnú burúkú inú bọ́ọ̀sì ti lọ pátápátá, ojú sì ń tì mí pé mo ní in rí. Ó gbọ́ ọ tán. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ibi kẹta tí orúkọ rẹ̀ wà.

Ó ní, "'I have asked', kí ni wọ́n ń pè é?"

"Mo ti béèrè."

"Mo ti béèrè," ó wí. Ohùn rẹ̀ gun òkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó yọ ẹ̀sùn rẹ̀ kúrò kí a tó dìde. Ọ́fíìsì fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀ síbẹ̀, nítorí mo gba ẹ̀bùn. Moráyọ̀ ní, "Mummy Anisah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé no." Mo ní mo ti gbọ́. Iṣẹ́ mi kò bọ́, físà wa sì ṣì dúró.

Mọ́tò Asher ló gbé àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá lajú sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo gbé ìwé náà sábẹ́ ọwọ́ òsì wọn. Ọwọ́ òsì, èyí tí Yorùbá kì í fi fúnni ní nǹkan, òun nìkan ló kù fún wọn. Asher ń wo bí mo ṣe ṣe. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ ni, àmọ́ ta ló fẹ́ ṣàtúnṣe lọ́jọ́ yẹn? Ó na ọwọ́ méjèèjì.

Bàbá ò fi ìwé náà sílẹ̀. Ìka wọn di etí rẹ̀ mú, wọ́n ń wo ọmọ wọn.

"Daddy," Asher wí, "mo ti béèrè."

Bàbá tú ọwọ́.