Onídìrí Lórí Àga Adájọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn, bọ́ síwájú. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, wá jókòó sápá ọ̀tún mi. Ẹ mọ̀ pé orin ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e:

Àga gíga, àga gíga o,
Ẹni tó gùn ọ́ kò fara balẹ̀,
Àga gíga!

Onídìrí ni mò ń wí. Ó ti jókòó sórí àga adájọ́ nínú kóòtù àdúgbò, ẹ̀wù dúdú lọ́rùn. Ọjọ́ kìíní rẹ̀ nìyẹn. Ìjọba ló ní kì í ṣe lọ́yà nìkan ló lè dá ẹjọ́ kéékèèké. Kí wọ́n mú èèyàn gidi mẹ́ta ládùúgbò, kí wọ́n kọ́ wọn lófin fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì búra fún wọn. Tíṣà-àgbà tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sáàárín, Oníkẹ́míìsì wà lósì, Onídìrí wà lọ́tùn-ún. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ti ròyìn fún gbogbo òpópónà.

Akọ̀wé kóòtù pe ẹjọ́ kìíní. Ta ló wọlé bí olùjẹ́jọ́? Ìyá Ìbejì, oníbàárà rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá! Irun tí Onídìrí fọwọ́ ara rẹ̀ dì lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ṣì wà lórí rẹ̀. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè, díẹ̀ ló kù kó juwọ́ sí i.

Wọ́n kà á síta pé ó já ilẹ̀kùn ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó sì gbé maṣíìnì ìránṣọ ìyá wọn tó ti kú lọ.

Onídìrí rántí. Lọ́jọ́ tó ń di irun yẹn, Ìyá Ìbejì ń rojọ́ maṣíìnì náà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òòyà wà lẹ́nu Onídìrí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó yọ òòyà lẹ́nu, ó ní, "Ìwọ lo jàre. Ṣebí ìyá ẹ ló ni ín? Lọ gbé e!"

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bó bá jẹ́wọ́, ọjọ́ kìíní lè di ọjọ́ ìkẹyìn lórí àga. Bó bá sì dákẹ́, irú adájọ́ wo ni òun?

Tíṣà-àgbà béèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, ìyá?"

"Wọ́n ní tèmi ni, sà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Ìbejì wolẹ̀. Kò fẹ́ ba nǹkan jẹ́ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ayé ni, sà."

"Ayé!" Ìyàwó àbúrò rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn. "Ṣé ayé náà ló bá yín gbé e jáde? Ayé mà lágbára o!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni ayé tí wọ́n ń wí."

Oníkẹ́míìsì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. "Jókòó, ìwọ obìnrin yìí! Ta ló bi ẹ́?"

"Ara mi ò gbà á, bọ̀dá. Èmi ni mo ní kó lọ gbé e, mi ò sì tíì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Mi ò lè tún ẹjọ́ tí mo ti dá ní ṣọ́ọ̀bù dá níbí."

Ó bọ́ ẹ̀wù dúdú, ó ká a síwájú Tíṣà-àgbà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró sí, ó sì sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ pé ìyàwó àbúrò yẹn ló fi ọdún mẹ́ta tọ́jú ìyá náà lórí àìsàn, àti pé ìyá fúnra rẹ̀ ló fún un ní maṣíìnì lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ìyá Ìbejì ò sọ èyí lórí àga ìdirun!

Àwọn adájọ́ méjèèjì tó kù ní kí maṣíìnì padà síbi tó wà, kí Ìyá Ìbejì sì tún ilẹ̀kùn ṣe.

Onídìrí ti ń wá ẹnu ọ̀nà nígbà tí Tíṣà-àgbà pè é. "Níbo lò ń lọ?"

"Ilé, sà. Ṣebí mo ti bà á jẹ́."

"Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni níwèé. Ọmọ tó ń pa àṣìṣe rẹ̀ rẹ́ kí n tó rí i ló máa ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀wù rẹ rèé. Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mélòó lo ti dá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn?"

"Wọn ò lóǹkà, sà."

Ó ya ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ti ń dúró dè é, kò tíì jókòó dáadáa tó ti bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ mi fojú mi rí!"

Ẹnu yún Onídìrí. Ó pa á dé. Ó ya irun náà sọ́tùn-ún, ó yà á sósì.

"Àǹtí, ẹ ò dá mi lóhùn?"

"Mo ń gbọ́. Lọ́jọ́ tó o bá tún ń bọ̀ wá dirun, mú un dání."

"Ta ni?"

"Ọkọ ẹ. Òun náà lẹ́nu."

Nírọ̀lẹ́, ilé Onídìrí kún fún àwọn tó wá bá a yọ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Ìyá Ìbejì wá, ìyàwó àbúrò rẹ̀ náà wá. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń mú ẹran. Gbogbo wọn jẹ, wọ́n yó, wọ́n gba ilé wọn lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ gbọn ìdí aṣọ yín nù. Àbí ẹ ò tíì yó?