Ọkọ̀ Tó Ga Ju ti Sorapata Lọ

Láti ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ra áńbúláǹsì fún àwọn ará Sorapata ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu Teófila mọ́. Òun ni nọ́ọ̀sì Huayllacancha, ní òdìkejì odò, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá tó ń fi ẹṣin gbé aláboyún sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nélida, nọ́ọ̀sì Sorapata, ò tíì lo ọdún méjì. Bí ọkọ̀ kékeré náà bá ti fọn fèrè kọjá, ara á ta Teófila. Owú ń jẹ ẹ́, kò sì fi bò.

Nígbà tó kan Huayllacancha, gbogbo ìlú pé jọ sí gbàgede láti dìbò lórí owó ọdún náà. Ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ là á yé wọn pé owó náà tó ra ọkọ̀ kékeré bíi ti Sorapata, pẹ̀lú ọ́síjìn àti gbogbo irinṣẹ́. Ó sì tó ra ọkọ̀ ńlá, àmọ́ òfìfo ni yóò dé, irinṣẹ́ di ọdún tó ń bọ̀.

Teófila dìde. "Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ̀yìn Sorapata la ó máa wà títí ni? Ẹ jẹ́ ká ra èyí tí wọ́n á máa gbójú sókè wò."

Don Hilario, bàbá arúgbó kan, bi í pé ṣé gíga ọkọ̀ ni aláìsàn máa fà símú. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nawọ́ fún ọkọ̀ ńlá. Owú kì í gbọ́ àlàyé. Nígbà tí ọkọ̀ dé, wọ́n fi òdòdó wé e, wọ́n da bíà sí i lára láti fi súre fún un, Teófila sì ní kí wọ́n gbé e síbi tí Sorapata á ti máa rí i.

Kò pé oṣù méjì, Yesenia ọmọ rẹ̀ bímọ sílé. Ọmọ náà ò ké, ara rẹ̀ ń ṣú lọ. Teófila fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí, kò tó. Kò sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ ńlá náà. Ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára rẹ̀, ó bá pe Nélida lórí fóònù.

"Jọ̀wọ́, gbé ọ́síjìn rẹ bọ̀."

Nélida ò bèèrè ìdí. Ó fi áńbúláǹsì kékeré náà gba orí afárá sáré dé, ó fi ọ́síjìn sí ọmọ nímú, ọmọ sì ké.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sí ọsibítù, Yesenia di ọwọ́ Nélida mú. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa gbé ọmọ mi lọ ṣèrìbọmi."

Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá gbé ọmọ ọmọ rẹ ṣèrìbọmi ti di ẹbí rẹ nìyẹn, comadre lo ó sì máa pè é níbikíbi tí ẹ bá ti pàdé. Nélida wo ojú Teófila, ó ń retí.

"Ẹ ṣeun, comadre," ni Teófila wí. Ó dúpẹ́ tọkàntọkàn, owú náà sì ń jẹ ẹ́ síbẹ̀.