Fáàfù Tí Ẹnìkan Ò Yọ

Nélida Huamanchumo kò fẹ́ràn ìwé tó bá mọ́ jù. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń lọ káàkiri etíkun Peru, tó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní máàkì lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn. Ìwé ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ ẹja ní Chimbote sọ pé, nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìtọ́jú, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló bọ́ sí ọjọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ta ló kọ ọ́?" ló bi Cárcamo, máníjà ibẹ̀.

"Don Eleuterio ni, olórí mẹkáníìkì wa. Ẹ fọkàn balẹ̀, màdáámù."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó bá Don Eleuterio, bàbá àgbàlagbà kan, nídìí pọ́ǹpù níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹja díndín. Bàbá wò ó láti orí dé bàtà.

"Ẹ̀yin lẹ wá fún wa ní máàkì? Ẹni tó wá léṣìí ò kúrò ní ọ́fíìsì. Bíà tútù nìkan ló yẹ̀ wò."

"Ẹ̀rọ ni mo wá wò ní tèmi, bàbá."

"Ẹ rọra o, gíríìsì ò mọ aṣọ ọ̀gá."

Irọ́ ni Nélida ń wá. Ó tọwọ́ bọ gíríìsì, ó rí i pé tuntun ni. Bẹ́líìtì le dáadáa. Ṣùgbọ́n déètì tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò bá ti inú ìwé mu rárá. Bàbá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ní gbogbo ibi tó lọ, ìyẹn náà sì ń kọ ọ́ lóminú.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí bọ́ílà, ó gbójú sókè wo fáàfù tó yẹ kó ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára ooru bá pọ̀jù, kí bọ́ílà má baà bú gbàmù. Ìwé ní wọ́n yọ ọ́ wò lóṣù Kẹrin. Ọ̀dà pupa ṣì bo gbogbo bóòtù rẹ̀ pátá, sípánà kò kàn án. Déètì ṣọ́ọ̀kì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lé lọ́dún méjì, pẹ̀lú ìlà méje.

"Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu èyí," ni Nélida wí, ó na ìwé sí i.

"Èmi kì í kọ ìwé. Ara ẹ̀rọ ni mo ń kọ nǹkan sí. Ìgbà méje ni mo ní kí wọ́n pa bọ́ílà yìí kí n lè yọ fáàfù náà wò. Ìgbà méje ni Cárcamo ní ẹja ti dé èbúté, kò sáyè."

"Gbogbo ẹni tí mo bá mú ló máa ń ní òun kọ́ ló buwọ́ lù ú."

Bàbá gba ìwé náà. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Mo mọ ọwọ́ yìí," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọmọ mi ni. Rosaura, akọ̀wé Cárcamo."

Nélida kò mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́. Bóyá bàbá ń fi ọmọ bo ara rẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n pa bọ́ílà kí wọ́n lè yọ fáàfù náà dán wò.

Cárcamo sáré dé. "Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà létí omi, màdáámù!"

"Kí wọ́n dúró."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n gbé fáàfù sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Ọwọ́ aago tó ń wọn agbára gun, ó dé ibi tó yẹ kí fáàfù ti ṣí, ó kọjá ibẹ̀, fáàfù kò ṣí. Ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ogójì òṣìṣẹ́ ló máa ń wà yí bọ́ílà náà ká lójúmọ́.

Nélida ní kí wọ́n pe Rosaura. "Ta ló ní kó o máa fi orúkọ bàbá rẹ buwọ́ lù ú?"

Ọmọbìnrin náà wo bàbá rẹ̀, ó wá nàka sí Cárcamo. "Ó ní tí n kò bá kọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí bàbá mi ṣiṣẹ́ di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Mo rò pé ìwé lásán ni."

Nélida kọ orúkọ Cárcamo sílẹ̀. Ó fún ìtọ́jú ẹ̀rọ yòókù ní máàkì tó dára, ó fún ìwé wọn ní òdo, ó sì kọ ọ́ pé kí wọ́n má tan bọ́ílà títí fáàfù tuntun yóò fi dé.

Don Eleuterio kò wo ọmọ rẹ̀. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ara fáàfù náà.

"Di apá kejì mú," ló wí.

Rosaura kúnlẹ̀, ó dì í mú.