Òǹkọ̀wé Àkọ́kọ́

"Bisáńtíọ̀mù yìí náà ni?" Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnjìmí fi ìka kan ṣí fáìlì náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọbẹ̀ ti kan. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, Dókítà, ẹ ò kúrò níbẹ̀. Kí ló kan àwa ará Ọ̀jọ́ níbẹ̀?"

Dókítà Moṣọpẹ́ Abọ́dúnrìn ń wo ìka náà. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń ṣèwádìí nípa bí àwọn Kristẹni Bisáńtíọ̀mù, ìlú ńlá ayé àtijọ́ tó wà níbi tí Ìstáńbúùlù wà lónìí, ṣe ń sin Ọlọ́run: tùràrí wọn, àbẹ́là wọn, àti àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n ń fẹnu kò. Torí rẹ̀ ló ṣe kọ́ èdè Gíríìkì. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí, tó jẹ́ díìnì, ọ̀gá lórí ẹ̀ka wọn ní yunifásítì, kò dá ìwé kan ṣoṣo kọ rí. Bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ nípa ẹja pípa ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, òun tí kì í fẹ́ kí omi kan bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá fáìlì yín padà," díìnì ní. "Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, ẹ ò lè di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé yín tuntun nípa àwòrán yẹn, ẹ fi orúkọ mi sí i. Ẹ jẹ́ kí tèmi ṣíwájú. Fáìlì yín á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bá a ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́ níbí nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe èèyàn lóore.

Nílé wọn ní Ìbà, Ayọ̀wálé ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Fi orúkọ rẹ̀ sí i, jàre. Ta ló fẹ́ kà á?"

"Bàbá Bísọ́lá, ọkùnrin yẹn ò mọ̀ bóyá ìlú ni Bisáńtíọ̀mù tàbí oògùn ibà."

"Kó má mọ̀. Ìwọ ṣáà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ wọṣẹ́ ti dé bẹ̀ tán."

Moṣọpẹ́ fi orúkọ díìnì sí i. Nígbà tó rí i pé ó ṣíwájú tirẹ̀, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì kórìíra ara rẹ̀ ju bó ṣe kórìíra díìnì lọ.

Ohun tí ojúkòkòrò ò jẹ́ kí Ògúnjìmí rántí ni pé ìwé tuntun kì í jáde ní ẹ̀ka wọn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ kà á fún ìpàdé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú ló sì máa ń kà á. Lórí ìwé mẹ́tàdínlógójì yẹn, ẹ̀yìn ni tirẹ̀ máa ń wà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n pe àwọn ìjọ láti Ìyànà Ìbà títí dé Òkokomáìkò. Gbọ̀ngàn kún. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún díìnì, ó fi mẹ́rìndínlógún kí àwọn èèyàn pàtàkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ka ojú ìwé méjì, ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí Moṣọpẹ́ sí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ náà.

Ìyá Adébísí, télọ̀ kan tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Òkokomáìkò, dìde láìwọ bàtà, nínú sùtánà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ní ọba wọn fòfin de àwòrán nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n ń sun ún níná. Àwa náà ní àwòrán níbi pẹpẹ wa, àwọn èèyàn sì máa ń bú wa pé òrìṣà là ń bọ. Mo fẹ́ mọ̀ ni o. Ta ló wá dá àwòrán wọn padà fún wọn?"

Moṣọpẹ́ gbé ojú sókè wo obìnrin náà. Láti ọdún méjìlélógún, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ojú ìwé kẹsàn-án ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

"Ìbéèrè gidi," díìnì ní, ó húkọ́ díẹ̀. "Ìjọba wọn ló gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn jábọ̀ fún Póòpù, Póòpù sì buwọ́ lù ú."

Ìyá Adébísí ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ta ni alága ìgbìmọ̀ náà, sà?"

Ẹnì kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé. Òógùn bo imú díìnì, ó yíjú sí Moṣọpẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀bẹ̀.

"Dókítà Abọ́dúnrìn, ẹ bá wa fi díẹ̀ kún un."

Gbólóhùn méjì péré ni Moṣọpẹ́ máa fi bò ó láṣìírí, yóò sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún díìnì.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin ni òǹkọ̀wé àkọ́kọ́. Mi ò jẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu."

Ó jókòó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú. Ojú díìnì sọ fún un pé fáìlì náà ò ní jáde lọ́dún yìí, bóyá kò ní jáde mọ́ láé. Ó dùn ún, kò sì kábàámọ̀.

Nígbà tí wọ́n túká, ó lé Ìyá Adébísí bá ní ẹnu ọ̀nà, ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ fagi lé Póòpù yẹn. Obìnrin ló dá àwòrán náà padà. Opó ọba ni, ọmọ rẹ̀ kéré nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ṣé ẹ ráyè kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún yín?"

Ìyá Adébísí jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tẹ́ ìwé lé itan.