Àbàwọ́n Ọ̀dà Lára Gáùn Tíṣà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń rí nígbà tó bá ti dàgbà tó sì ti hu irùngbọ̀n, ẹ lọ wo Alágbàfọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí obìnrin náà ti ń jowú àbúrò rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ náà wọlé tí ìyá wọn ní kó sún kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sún. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó ní kó padà wá.

Àbúrò yìí ni gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà. Olùkọ́ ni, ó rẹwà, ó sì ní ọkọ tó máa ń ra aṣọ fún un láìnídìí. Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀ ní yàrá ìfọṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì tí ọ̀kan ń jò, tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, àti ìyá wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màmá ń gbé. Òun ló ń se oúnjẹ fún un, òun ló ń bá a fi òróró wọ́ ẹsẹ̀, àmọ́ Tíṣà ni màmá ń ròyìn. Tíṣà á yọjú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á mú ọsàn mẹ́fà dání, màmá á sì máa sọ̀rọ̀ ọsàn náà fún gbogbo àdúgbò títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn á fi pé.

Lọ́jọ́ tí Alágbàfọ̀ ráhùn, màmá ní, "Kí lo ń ṣe fún mi tí kì í ṣe ojúṣe rẹ?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára dé eegun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí Tíṣà ṣe ń sọdá níwájú ilé ìwé rẹ̀, ọkọ̀ kan gbá a, kò dúró, kò wẹ̀yìn. Eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rí nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì gbọ́ gbàmù, àmọ́ ìgbà tó fi máa yíjú, Tíṣà ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ ti ṣẹ́ kọ́nà.

Alágbàfọ̀ sunkún, ẹ má rò pé kò sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tó sì rí nílé ìwòsàn nìyí: àwọn olùkọ́ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà ránṣẹ́, ọkọ dì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, màmá ò jẹ, kò mu. Lọ́dún èṣí tí omi gbígbóná inú ẹ̀rọ bó òun lápá, ńṣe ni màmá ní kó lọ fi omi tútù sí i kó sì tètè wá dáná. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ojú ti Alágbàfọ̀ fún èrò yìí, síbẹ̀ kò lé e lọ.

Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, títiro ni Tíṣà á máa tiro títí ayé. Apá ọkọ rẹ̀ ò ká owó rẹ̀. Ẹnìkan ló wá sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ adójútòfò ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọkọ̀ bá gbá tí awakọ̀ sì sá lọ, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò rí ẹni bá ṣẹjọ́. Wọ́n kọ̀wé síbẹ̀. Wọ́n ní akọ̀wé kan á wá wádìí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí akọ̀wé yìí dé ni nọ́ọ̀sì kó aṣọ tí Tíṣà wọ̀ lọ́jọ́ náà sínú ọ̀rá, ó gbé e fún màmá. Màmá gbé e ju sí Alágbàfọ̀.

"Bá mi fọ ìyẹn."

Gáùn funfun ni. Ojú Alágbàfọ̀ ti wà lára gáùn náà láti ọjọ́ tí ọkọ Tíṣà ti rà á. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, erùpẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dà búlúù tó tó àtẹ́lẹwọ́ sì wà ní ìbàdí, níbi tí ọkọ̀ ti gbá a. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe nǹkan, omi tútù àti iyọ̀ ni. Ọ̀dà ọkọ̀ lẹjọ́. Ẹlòmíràn tó ń fọṣọ á ní kí wọ́n sọ aṣọ náà nù.

Ẹ wá wo ohun tí owú ń fi ènìyàn ṣe. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í jowú ni, ì bá rẹ gáùn náà sínú omi kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀ sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Màá fọ̀ ọ́ débi tí ẹnu á fi ya màmá. Lójú gbogbo wọn ló máa ti yìn mí." Ó tẹ́ àkísà funfun sábẹ́ ọ̀dà, ó ń fi fóòmù tó rẹ sínú tínnà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, kí ọ̀dà lè kúrò lára gáùn kó bọ́ sára àkísà. Kò gbọdọ̀ ha á, aṣọ á ya. Odindi ọ̀sán ló fi ṣe é, tí òórùn tínnà ń ta á lójú. Nígbà tó tán, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó fi hángà kọ́ ọ, ó sì jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ tí akọ̀wé wá, Alágbàfọ̀ ló dé gbẹ̀yìn. Akọ̀wé náà, obìnrin kan tó wọ awò ojú, ti jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ má bínú, mà," ló ń sọ fún Tíṣà. "Ẹni tó ń sá fún ọkọ̀ tó sì ṣubú fúnra rẹ̀, owó yìí ò kàn án. Ẹni tí ọkọ̀ fara kàn ló wà fún. Eegun tó ṣẹ́ ò lè sọ èwo ni, ẹ̀ṣọ́ yín ò sì rí i. Aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ọkọ̀ máa ń fi ọ̀dà sára aṣọ."

"Ọ̀dà wà níbẹ̀!" Ọkọ Tíṣà dìde. "Ojú mi báyìí ni mo fi rí i!"

Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, gáùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó funfun báláú.

Màmá ló kọ́kọ́ lanu. "O ti ṣe é tán. Láti kékeré lo ti ń wá bí o ṣe máa rẹ́yìn àbúrò rẹ."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́."

"Mo ní kí o fọ̀ ọ́, ṣé mo ní kí o bó o láwọ ni? Ìgbà wo lo fọ nǹkan fún un tó mọ́ tó báyìí rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tíṣà rọra wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, "ibẹ̀ ń ro mí gan-an ni."

Akọ̀wé ní òun á wà níbẹ̀ di aago mẹ́rin. Tí kò bá sí ẹ̀rí kankan nígbà yẹn, òun á kọ ọ́ pé kò sí. Alágbàfọ̀ rántí àkísà, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ó kàn yí padà, ó lọ sílé.

Àkísà wà nínú garawa ìdọ̀tí, ọ̀dà búlúù lẹ̀ mọ́ ọn. Òun nìkan ló mọ̀ pé ó wà láyé. Ó mú un dání, ó jókòó sórí àga, ká má sì purọ́, ohun tó rò dùn mọ́ ọn nínú. Tíṣà tó ń tiro. Tíṣà tí gáùn funfun ò yẹ mọ́. A kì í pe èèyàn lólè kó tún máa gbé ọmọ ẹran jó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó wù ú kó gbé e jó. Ṣé wọ́n kúkú ti pè é ní òṣìkà.

Owú náà ló tún wá bá a rò ó síwájú. Tíṣà tó bá tiro, ṣé wọn ò ní fẹ́ràn rẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ? Màmá á kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, á máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Àbí ohùn yẹn ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ń ro mí"? Èwo nínú méjèèjì ló gbé e dìde lórí àga, òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ. Ó ṣáà dìde.

Aago mẹ́rin ò tíì lù tó fi padà dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí akọ̀wé rí àkísà náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó mi orí. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é. Màá kà á sókè létí gbogbo yín kó tó fọwọ́ sí i. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Alágbàfọ̀ kọ ọ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Akọ̀wé gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

"Èmi tí mò ń fọṣọ láti ogún ọdún ni mo fi tínnà tẹ ọ̀dà ọkọ̀ kúrò lára gáùn àbúrò mi sára àkísà yìí. Mo mọ ọ̀dà ọkọ̀ tí mo bá rí i. Ìdí tí mo fi ṣe é..." Akọ̀wé dúró, ó wo Alágbàfọ̀ lójú, ó tún ń kà lọ. "Ìdí tí mo fi ṣe é ni pé mò ń jowú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi rí nǹkan kan tí mo ṣe, kó ní mo ṣeun."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí."

Ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ní ẹ̀rí náà tó, ìwé á dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́la, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkọ Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Tíṣà na ọwọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó gbà á padà.

Akọ̀wé fẹ́ ká gáùn sínú ọ̀rá pẹ̀lú àkísà, ṣùgbọ́n màmá ní kó jẹ́ kí òun wò ó ná. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀.

"Ibo gan-an ni ọ̀dà yẹn wà?"

Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ka síbẹ̀. Màmá gbé aṣọ náà súnmọ́ ojú, ó ń fi àtàǹpàkò wá a, ó wá a lọ, ó wá a bọ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," ló wí, ó gbójú sókè wo Alágbàfọ̀. "Mi ò rí nǹkan kan, ọmọ mi."