Ihò Bíńtín Inú Etí Àbúrò Mi

Ààrá ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Tí mo bá sín nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń lẹ táyà, adìẹ ilé kẹta á yé ẹyin ọ̀la. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan báyìí, aṣọ mẹ́rìnlá já bọ́ lórí okùn. Ṣùgbọ́n eléyìí tí mo fẹ́ sọ, n ò bù mọ́ ọn rárá.

Àbúrò mi obìnrin, télọ̀ ni. Yàrá méjì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Tírélà ni ọkọ ń wà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú títì, ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ fi wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó bímọ. Ọmọbìnrin ló bí. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo sọ ọ́, torí tó bá ké, ẹ ó rò pé pẹ́pẹ́yẹ ogójì ló ń du hóró àgbàdo kan. Mo sọ fáwọn oníbàárà mi pé ohùn tèmi ló jogún, kí wọ́n tètè kó kúrò ládùúgbò kó tó hu eyín.

Ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí àbúrò mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, tí ọmọ yìí bá ti ké, ilé á máa yí. Ilẹ̀ á dìde wá bá mi. Mo tún wá ń gbọ́ ojú mi.”

Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń gbọ́ ojú. Ó ní tóun bá ti yí ojú sọ́tùn-ún, òun á gbọ́ ọ nínú orí òun, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpò sìmẹ́ńtì nílẹ̀.

Ẹ gbọ́, ìlara ló mú mi. Èmi tí mo ti ń pa irọ́ látìgbà tí mo ti sá kúrò nílé ìwé, irọ́ tó dùn tó báyìí ò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi di ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà mú, ẹyinjú rẹ̀ sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí i kedere. Mo rò pé ara eré náà ni.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, mo ti ròyìn ẹ̀ káàkiri. Mo ní kí wọ́n má fi àwòrán han àbúrò mi o, ariwo rẹ̀ á dí i létí. Bí wọ́n ṣe ń kí i nìyẹn, pé Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé ojú ti dákẹ́ lónìí? Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò tún sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ rí i pé tí ọmọ bá ti ké, àbúrò mi á gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, á lọ di fèrèsé mú. Ó sọ ọ́ síta pé irú ìyá wo ló máa ń sá fún ẹkún ọmọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá yìí lọ pọn omi. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan nígbà tí ọmọ ta jí tó figbe ta. Ìtìjú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ti mú àbúrò mi, ó gbé ọmọ, ó fẹ́ gbé e jáde síta fún atẹ́gùn. Èmi ò mọ̀. Mo dá ọmọ lóhùn lábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi: “Pẹ́pẹ́yẹ, mo gbọ́ ẹ o.”

Igbe náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ti bá wọn nílẹ̀. Àbúrò mi ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa ṣubú lu ọmọ, síbẹ̀ apá ọmọ ti kán.

Nílé ìwòsàn, wọ́n to apá náà, wọ́n dì í. Dókítà béèrè bó ṣe jẹ́. Àbúrò mi ń wò mí. Mo wá sọ ọ́, pé tó bá gbọ́ ariwo, ilé máa ń yí i, ó sì máa ń gbọ́ ojú ara rẹ̀. Láyé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ̀rọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó lọ pe màmá kan tó ń wo etí.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí. Màmá náà ní ọ̀nà róbótó kan wà nínú etí tómi wà nínú ẹ̀, òun ló ń sọ fún wa bóyá a dúró tàbí a dùbúlẹ̀. Egungun tó bò ó ti lu, ihò náà ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ariwo ń gba ibẹ̀, ó ń ti omi náà. Ó jọ pé ìgbà tó ń rọbí ló kúkú lu tán.

Mo ní, “Bíi táyà tó jò.”

Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní ó ṣeé lẹ̀, àmọ́ etí méjèèjì ló jò.

Wọ́n lẹ tọ̀tún. Táyà tí mo ti lẹ̀ láyé mi, tẹ́ ẹ bá tò ó, á yí ayé po lẹ́ẹ̀mọkànlá, n ò rí èyí tó dití lọ́wọ́ mi rí. Etí náà ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Màmá náà ní kí àbúrò mi ro tòsì dáadáa, torí òun náà lè dití bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó máa yí,” àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀. “Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn ọmọ mi.”

Ọmọ ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Mo ti kó ẹ̀rọ mi lọ sí ìparí títì. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ìyá ọkọ ti fi àkísà wé ẹsẹ̀ àga àti etí ilẹ̀kùn gbogbo. Kò bẹ̀bẹ̀ rí, èmi náà ò bẹ̀bẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì pe ọmọ náà ní Pẹ́pẹ́yẹ mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọ náà fi orúnkún gbá ẹsẹ̀ máṣíìnì ìyá rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó la ẹnu, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu náà. Ìyá rẹ̀ na apá sí i. Ọmọ mi orí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde, ó sọdá, ó ń tiro lọ sí ẹ̀yìn táńkì omi. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀. Omijé ti kún ojú rẹ̀ dẹ́nu.

Ó rọra bi mí pé, “Ṣé mo ti jìnnà tó?”

Mo wẹ̀yìn. Àbúrò mi wà lójú fèrèsé, apá rẹ̀ ṣì nà síta.

Mo ní ó ti jìnnà tó. Ìgbà yẹn ló tó ké.