Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù fóònù mi ní Broad Street, ní Làìbéríà níbí, mọ̀ pé èmi Lékè kì í bẹ̀rù ènìyàn. Omi nìkan ni mo ń bẹ̀rù. Àfi bí mo ṣe lọ fẹ́ràn Níkẹ́, ọmọ ẹni tó ń gbé àárín omi.

Bàbá rẹ̀ wa mọ́tò fún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó wá síbí nígbà ogun Làìbéríà. Ogun parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé, òun kọ́lé sí erékùṣù kékeré kan lápá Marshall. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ rẹ̀, kó wá bá a níbẹ̀. Ọkùnrin méjì ti lọ. Ó lé wọn padà. Níkẹ́ sì ti sọ pé ẹni tí bàbá òun ò bá gbà, òun ò fẹ́.

A wọ takisí ní ELWA Junction. Nígbà tí a dé etí omi, ẹnu mi là, kò lè pa dé. Omi náà ń dán bí ojú fóònù tuntun tí wọn ò tíì bó ọ̀rá lójú rẹ̀. Erékùṣù jókòó sáàárín, iyanrìn funfun yí i ká, àwọn igi àgbọn nà síwájú bí ẹni ń yọjú wo àlejò.

"Ibí ni bàbá ẹ ń gbé, tí èmi ń fa èéfín mọ́tò ní Brewerville?"

"Ìwọ tó ń bẹ̀rù omi," ni Níkẹ́ wí.

"Mo ti jáwọ́."

Atukọ̀ wa jẹ́ arúgbó kan tó wọ ṣòkòtò yíya. "How da body?" ló fi kí mi. Ọmọ Làìbéríà nìyẹn. Mo bá ń sọ Yorùbá mi lọ fàlàlà.

"Bàbá alágídí yẹn, ẹnu mi á rọ̀ ọ́ bí búrẹ́dì inú tíì."

Níkẹ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mi ò kà á sí.

"Àwọn tó lọ ṣáájú, wọn ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni."

Atukọ̀ dáwọ́ dúró. "Tìrẹ dà, ọmọ mi?" ló fi Yorùbá Ìjẹ̀bú béèrè. "Èmi alágídí ń gbọ́."

Ara tí ìyá mi tọ́ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkọ̀ dojú dé, gbogbo wa wọ omi. Mo ń ké pé kí wọ́n sọ fún ìyá mi pé mo gbìyànjú.

"Dìde," ni bàbá wí.

Mo dìde. Omi náà kò kọjá orúnkún mi.

"Ẹni àkọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ìjókòó. Ìkejì mi orí bí alángbá. Ìwọ, nínú ọkọ̀ ojú omi, o dọ̀bálẹ̀?"

"Mi ò rántí pé omi ni, sà."

Ó wo ọmọ rẹ̀. "Kò gbọ́n."

"Mo mọ̀, sà," ni Níkẹ́ dáhùn.

"Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Ọgbọ́n tó kù, èmi á kọ́ ọ. Fẹ́ ẹ."

Mo tún fẹ́ wólẹ̀ dúpẹ́. Ó gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú. "Ó tó. Jẹ́ ká dé orí ilẹ̀."

Orí iyanrìn funfun ni mo ti wá dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ mi lẹ́yìn. Mi ò tètè dìde.